Irun àti Èékánná Òjó

Àyìndé, ọmọ mi,

Ìyá rẹ kú. Ó kú nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wa iṣu tuntun, ní òwúrọ̀ ọjọ́ ọjà Lálúpọn, kí àwọn èrò ọjà tó kọjá tán lẹ́nu ọ̀nà wa. Ikọ́ ló pa á, ikọ́ àti ibà tí ó ti ń bá a jà láti ìgbà ọyẹ́. A sin ín sínú yàrá rẹ̀, lábẹ́ ibi tí ó máa ń tẹ́ ẹní sí. Olùkọ́ tí ó ń bá mi kọ ìwé yìí fẹ́ kí n kọ́kọ́ kí ọ, kí n béèrè àlàáfíà rẹ, kí n wá rọra sọ ọ́. Mo ní kí ó kọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́. Ẹni tí ìgbóná pa ọmọ mẹ́ta mọ́ lọ́wọ́, tí ó tún wá sin ìyá wọn, kò ní ọ̀rọ̀ kankan tí yóò rọra sọ mọ́.

Kò dá nìkan kú. Fi èyí sọ́kàn, torí mo ń padà bọ̀ wá síbẹ̀. Ojúọlápé ẹ̀gbọ́n rẹ gbé orí rẹ̀ lé itan. Àwọn ìyàwó ilé ń pè é, wọ́n ní, "Àbẹ̀kẹ́, Àbẹ̀kẹ́ ọmọ Oníkòyí." Èmi wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá, mo ń pè é láti ibẹ̀. Nígbà tí etí rẹ̀ kò gbọ́ mọ́, a ṣì ń pè é. Bí a ṣe ń sin ènìyàn sọ́nà nìyẹn. Bí ó ti wù kí ènìyàn tálákà tó, a kì í jẹ́ kí ó lọ láìsí ẹni tí yóò pe orúkọ rẹ̀ tẹ̀lé e.

Ìwé rẹ dé nígbà tí àwọn ará ilé ìyá rẹ ṣì jókòó lórí ẹní, tí wọ́n ń bá wa kẹ́dùn. Ojúọlápé ní, "Baba, ẹ jẹ́ kí Olùkọ́ kà á sókè. Yóò tù wá nínú." Mo gbà. Olùkọ́ kà á pé wọ́n ti gbà ọ́ sí ilé ìwòsàn ńlá kan, pé ìwọ àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ rẹ yóò máa tẹ̀lé ọ̀gá oníṣègùn láti ibùsùn dé ibùsùn títí ọdún yóò fi yí po, kí ẹ lè fi ojú rí ohun tí ẹ ti ń kà nínú ìwé. Àwọn àna mi mi orí. Ó kà á dé ibi kóòtù dúdú tí o rà, tí o ní ó bá ọ lára mu bí ẹni pé wọ́n bí i mọ́ ọ. Wọ́n tún mi orí. Lẹ́yìn náà ni ohùn Olùkọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀.

Mo ní, "Kí ló dé? Ìwé náà ti tán ni?"

Ó ní, "Kò tíì tán, Baba. Ẹ jẹ́ kí n fi èyí tó kù sílẹ̀ títí àlejò yóò fi lọ."

Mo ní, "Kà á."

Ó kà á. Ó yẹ kí ìwọ náà gbọ́ bí ó ṣe dún létí wa.

O ní wọ́n gbé atukọ̀ dúdú kan wá sí ilé ìwòsàn yín láti èbúté. O ní bí ọ̀gá yín ṣe ń tẹ̀ ẹ́ ní ikùn, ọkùnrin náà gbójú sókè, ó rí ilà tí a kọ sí ọ lójú, ó sì bú sẹ́kún. Ó sọ èdè wa. Ó ní, "Ará ilé mi, bá mi sọ fún wọn. Kì í ṣe inú ló ń dùn mí. Ìhà ni, níbí yìí. Òjó ni mí, ọmọ ilé Aláró ní Ẹgbẹ́dá." O ní ọ̀gá yín kọjú sí ọ, ó ní, "Kí ni ọkùnrin yìí ń wí?" O sì dá a lóhùn pé o kò mọ̀. O ní àwọn ẹgbẹ́ rẹ ń wò ọ́, wọ́n ń wo òun náà, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, o kò sì fẹ́ kí wọ́n ka ìwọ àti atukọ̀ mọ́ ara yín.

Oògùn inú ni wọ́n fún un. Ó kú.

O ní wọ́n tún béèrè bóyá ẹnikẹ́ni mọ ará rẹ̀, nítorí òfin ibẹ̀ ni pé òkú tí kò bá ní ará, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n ń fún, kí wọ́n máa là á, kí wọ́n lè mọ bí ara ènìyàn ṣe rí nínú. O dákẹ́. Wọ́n pín in láàárín yín. Apá ọ̀tún rẹ̀ ló kan ìwọ àti ọ̀rẹ́ rẹ kan. O ní wọ́n ti fi oògùn sí i tí kò fi ní í jẹrà, ẹ ó sì máa kọ́ṣẹ́ lára rẹ̀ títí òtútù yóò fi kásẹ̀ nílẹ̀. Ní ìparí o ní ojú ń tì ọ́, o kò rí ẹni bá sọ ọ́ níbẹ̀, ìdí nìyẹn tí o fi kọ ọ́ sí mi.

Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ dìde, ó gbọn aṣọ rẹ̀, ó ní, "Ṣé ọmọ Àbẹ̀kẹ́ ló ṣe èyí?" Kò dúró gbọ́ èsì. Gbogbo wọn tẹ̀lé e. A ní ká fún wọn ní iṣu mú lọ, wọn kò gbà á.

O ní ojú ń tì ọ́. Ta ni o ń tijú rẹ̀? O tijú àwọn ọmọ tí ń rẹ́rìn-ín, o kò tijú ẹni tí ń sunkún. Nígbà tí àwọn Òyìnbó ìhìnrere wá bẹ̀ mí pé kí n jẹ́ kí àwọn mú ọ lọ kọ́ ìwé, èmi ni mo kọ̀. Ìyá rẹ ló ní, "Ẹ jẹ́ kó lọ, Baba Ojúọlápé. Ìgbóná ti kó tiwa lọ. Bóyá eléyìí á rí ohun tí wọ́n fi ń lé e." Obìnrin yẹn yọ̀ǹda rẹ nítorí àwọn tí ń kú. Ẹni àkọ́kọ́ tó sì pè ọ́ lórúkọ ará ilé, o sẹ́ ẹ lójú ara rẹ̀.

Olùkọ́ ní inú ń bí mi jù, pé kí n to ìmọ̀ràn mi ní ọ̀kọ̀ọ̀kan kí ó má baà dàrú mọ́ ọ lójú. Inú ń bí mi lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ó dára, n óò tò ó.

Èkíní. Kí aláìsàn kí o tó fọwọ́ kàn án. N kò mọ ohun tí wọ́n ń kọ́ yín nínú ìwé, ṣùgbọ́n mo mọ bí ìyá rẹ ṣe ń wo sobìyà fún gbogbo àwọn tí ó yí wa ká. Bí wọ́n bá gbé ọmọ wá, kì í dìde dúró lé e lórí. Yóò jókòó sílẹ̀, kí ojú òun àti ojú ọmọ náà lè dọ́gba. Yóò ní, "Kí ni wọ́n ń pè ọ́? Ta ló bí ọ?" Bí ọmọ náà bá sọ ọ́, yóò ní, "Fi ọwọ́ tìrẹ tọ́ka sí ibi tó ti ń dùn ọ́." Bí ọmọ náà bá na ọwọ́ sí orúnkún, orúnkún ni yóò wò, bí gbogbo ẹsẹ̀ tilẹ̀ wú. Ọ̀gá yín tẹ inú, aláìsàn ní ìhà ni. Bí ọ̀gá yín kò bá gbọ́ èdè rẹ̀, ẹ̀bi ọ̀gá yín kọ́. Ìwọ gbọ́ ọ.

Èkejì, nípa ẹ̀rín ẹgbẹ́. O mọ̀ pé mo ń tiro. Ogun ni àwọn ọmọdé máa ń sọ pé ó ṣe mí bẹ́ẹ̀, mo sì máa ń jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́. Sobìyà ni. Nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́mọkùnrin, ó yọ orí ní kókósẹ̀ mi, ìyá mi sì ń fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ ká a jáde díẹ̀díẹ̀ bó ṣe yẹ. Lónìí díẹ̀, lọ́la díẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ mi ń lọ sí ibi ìjàkadì ní ìlú kejì, wọ́n gba ilé wa kọjá. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Ẹ wò ó, kòkòrò ló so ó mọ́lẹ̀ bí ewúrẹ́." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo wọ ẹ̀yìn ilé, mo fi ọwọ́ ara mi fa sobìyà náà kí ó lè tán kíá. Ó já sínú. Ẹsẹ̀ mi wú, ó kẹ̀, ó rà. Títí wọ́n fi gbin àgbàdo tí wọ́n sì ká a, ilẹ̀ ni mò ń fà kiri. Àyìndé, ẹ̀rín yẹn kò pẹ́ tó ìgbà tí a fi ń mi itọ́. Mo fi ẹsẹ̀ rà á, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tí ó bá mi tiro láti ìgbà náà. Ìwọ fi ẹni tí ó ń kú ra tìrẹ. Àwọn ọmọ tí ń rẹ́rìn-ín yẹn yóò lọ sí ilé baba wọn, wọn yóò gbàgbé. Ìwọ lo óò máa tiro.

Ẹ̀kẹta, nípa kóòtù. Inú mi dùn pé o ní aṣọ tí ó lè gba òtútù. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo fẹ́ fẹ́ ìyá rẹ, mo ra fìlà àrán kan lọ́wọ́ oníṣòwò Ìjẹ̀bú, mo dé e lọ sí oko baba rẹ̀. Mo bá baba náà níbi tí ó ti ń gbé ẹrù iṣu lé orí. Ó ní, "Ọmọ, bá mi gbé e." Mo wo iyẹ̀pẹ̀ ara iṣu, mo wo fìlà mi, mo wá ní kí n lọ pe ẹnì kan wá fún un. Baba náà ní, "Má ṣe ìyọnu. Fìlà yẹn ni n óò fún ní ìyàwó." Òjò ọdún kan rọ̀ tán kí ó tó tún jẹ́ kí n wọ ilé òun. Ìyá rẹ máa ń fi ṣe mí yẹ̀yẹ́ títí tí a fi darúgbó. Bí ata bá ta mí lójú, yóò ní, "Ẹ fi fìlà nu ún." Aṣọ tí kò jẹ́ kí o lè bá ènìyàn gbé ẹrù, bọ́ ọ sílẹ̀. Bí o bá wọ̀ ọ́ dé ìdí ibùsùn aláìsàn tí o wá rò pé ìwọ kì í ṣe ará ilé rẹ̀ mọ́, aṣọ náà ti wọ̀ ọ́ ju bí o ṣe wọ̀ ọ́ lọ.

Ẹ̀kẹrin. O kọ ọ́ pé akẹ́kọ̀ọ́ kì í gba ọ̀rọ̀ mọ́ ọ̀gá lẹ́nu. Òtítọ́ ni, bẹ́ẹ̀ náà ni nílé. Ṣùgbọ́n ọ̀gá fúnra rẹ̀ bi ọ́. Ó ní kí ni ọkùnrin yìí ń wí. Ọ̀nà wo ni àgbà tún lè gbà ṣí ilẹ̀kùn fún ọmọdé ju bẹ́ẹ̀ lọ? Bí kò bá tilẹ̀ bi ọ́, bí a ti kọ́ ọ ni kí o ṣe. O lè tẹrí ba, kí o ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá, ẹ má bínú, ó ní ọ̀rọ̀ kan tí ó ń sọ." Ta ni yóò na ọmọ nítorí ìyẹn? Bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Aláìsàn rán ọ níṣẹ́ ọmọ, o kò tilẹ̀ jẹ́ ẹ bí ẹrú.

Mo ti gbàgbé iye tí mo kà dé. Olùkọ́ ní ẹ̀karùn-ún ló kàn. Kí ó fi iye sílẹ̀.

Nígbà tí àwọn àna mi lọ tán, mo mú ọ̀pá mi, mo ní Ẹgbẹ́dá ni mò ń lọ. Ojúọlápé ní, "Baba, ẹsẹ̀ yín kò lè gbé yín débẹ̀."

Mo ní, "Bí kò bá gbé mi, kí o fà mí."

Ó ní, "Ẹ wúwo, ẹ̀yin náà ẹ mọ̀." Ṣùgbọ́n ó di iṣu sísun àti omi, ó tẹ̀lé mi. Oòrùn ti ń wọ̀ kí a tó dé.

Kò ṣòro láti rí ilé Aláró. Ìkòkò aró ló tò síwájú rẹ̀. Arúgbó obìnrin kan jókòó láàárín wọn, ọwọ́ rẹ̀ dúdú fún aró títí dé ìgúnpá. Mo kí i. Mo ní, "Ṣé ẹ̀yin lẹ bí Òjó?"

Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. Ó ní, "Èmi ni. Wọ́n jí i gbé lọ́nà oko nígbà tí irùngbọ̀n rẹ̀ kò tíì hù. Àwọn kan ti wá rí, wọ́n ní àwọn mọ ibi tó wà, wọ́n gba àgbò lọ́wọ́ mi, n kò rí wọn mọ́. Bí àgbò lẹ̀yin náà wá gbà, ẹ máa lọ. Àgbò ti tán nílé yìí."

Ojúọlápé kúnlẹ̀, ó ní, "Ìyá, a kò wá gba nǹkan kan."

Mo ní, "Òjó kú, Ìyá. Ìlú Òyìnbó ló kú sí. Ó ti di atukọ̀. Orí ibùsùn ló kú sí, kì í ṣe inú igbó, kì í ṣe inú ẹ̀wọ̀n."

Kò sunkún. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ aṣọ, bẹ́ẹ̀ aró náà kò lè kúrò. Ó ní, "Ó dàgbà, nígbà náà."

Mo ní, "Ó dàgbà."

Ó ní, "Òun tó ń bẹ̀rù odò. Ẹ ní ó di atukọ̀." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó béèrè ohun tí mo ti ń bẹ̀rù láti ìgbà tí a ti kúrò nílé. Ó ní, "Ta ló wà lọ́dọ̀ rẹ̀? Ṣé ó rí ẹni gbọ́ èdè rẹ̀?"

Ojúọlápé wo ojú mi. Mo ní, "Ọmọ mi wà níbẹ̀. Ó gbọ́ ọ."

Kò sí irọ́ nínú rẹ̀, Àyìndé. O wà níbẹ̀. O gbọ́ ọ. Láti ìgbà tí mo ti ń sọ̀rọ̀ láyé, n kò tíì sọ òtítọ́ tí ó korò lẹ́nu mi tó bẹ́ẹ̀.

Arúgbó náà kúnlẹ̀ fún mi. Ó ní, "Ẹ ṣeun, Baba. Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọ yín. Bí òun náà bá sùn sílé àjèjì, kò ní í ṣàìrí ẹni tí yóò dá a lóhùn." Ó wọ inú ilé, ó gbé aṣọ kan jáde. Aró rẹ̀ dúdú débi pé ó ń dán. Ó ní òun rẹ ẹ́ de ọjọ́ tí Òjó bá wálé ni, pé ọmọ mi ló ni ín báyìí, kí ó fi bora nínú òtútù.

Mo gbà á. Kí ni kí n ṣe? Ìwọ lo kó mi sí i pé kí ìyá ẹni tí o sẹ́ kúnlẹ̀ kí ó máa súre fún ọ níwájú mi. Aṣọ náà wà nínú àpótí ìyá rẹ. Kò sí nínú ẹrù tí yóò bá ìwé yìí wá, má sì béèrè rẹ̀.

Bí a ṣe fẹ́ dìde, ó di ọwọ́ Ojúọlápé mú. Ó ní, "Irun rẹ̀ ńkọ́? Èékánná rẹ̀ ńkọ́? Ọmọ yín á ti gé e pa mọ́ fún mi, àbí?"

Bóyá o ti gbàgbé ìdí tí ó fi béèrè. Ẹni tí ó bá kú sí àjò, tí a kò rí òkú rẹ̀ gbé wálé, irun orí rẹ̀ àti èékánná rẹ̀ là ń gé, tí à ń gbé wá sin sínú ilé baba rẹ̀. Ìgbà náà ló tó dé ilé. Bí a kò bá ṣe é, òun ṣì wà lọ́nà, ìyá rẹ̀ náà ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò ó. Obìnrin yìí ti ń wò ó láti ìgbà tí irun orí mi ṣì dúdú.

Mo ní, "Yóò dé, Ìyá."

Nítorí náà, gbọ́ ohun tí o óò ṣe. Apá ọ̀tún Òjó wà lọ́wọ́ rẹ. Ìwọ lo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ wà lórí apá, èékánná sì wà lórí ọwọ́. Kí o tó tún fi abẹ kàn án, pè é. Pè é sókè, ní èdè wa, níwájú ọ̀rẹ́ rẹ yẹn àti ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín. Wí pé, "Òjó, ọmọ ilé Aláró ní Ẹgbẹ́dá, ìyá rẹ ní kí n mú ọ wálé." Lẹ́yìn náà gé èékánná rẹ̀, gbogbo rẹ̀. Wá irun orí rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ àwọn tí wọ́n fún ní orí. Bẹ̀ wọ́n. Bí wọ́n bá bi ọ́ pé kí ló kàn ọ́, sọ fún wọn pé ará rẹ ni. Wọ́n ti béèrè ọ̀rọ̀ yẹn rí, wọ́n ń dúró de èsì. Òfin wọn ní ẹni tí kò ní ará ni kí ẹ máa là. Ó ní ará. Ìwọ ni.

Bí ìwé yìí bá pẹ́ lọ́nà, tí ẹ ti ṣe é tán, béèrè ibi tí wọ́n bo ìyókù mọ́. Ẹnì kan ló gbẹ́ ilẹ̀ náà, ẹni yẹn mọ̀ ọ́n. Bu erùpẹ̀ ibẹ̀. Ṣùgbọ́n má fi erùpẹ̀ ṣe ọ̀nà àbùjá bí èékánná bá ṣì wà. N óò mọ̀ ọ́n lára ìwé rẹ.

N kò sọ pé kí o fi ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀. Olùkọ́ bi mí bóyá kí òun kọ ọ́ pé kí o máa bọ̀ nílé. Mo ní rárá. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ gbọ́dọ̀ la òkú kí ẹ tó lè mọ bí a ṣe ń gba alààyè là, n kò lè bá yín jiyàn, n kò mọ̀ ọ́n. Àwa náà ń pa ẹran, a mọ ibi tí ọkàn wà. Ṣùgbọ́n ẹni tí a bá fẹ́ gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀, a máa ń tọrọ ni, bí a bá sì gbà á tán, a máa ń dúpẹ́. Ẹ kò tọrọ lọ́wọ́ Òjó, ẹ kò tọrọ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Nígbà tí o bá di oníṣègùn, tí o sì mọ ọ̀nà tí iṣan gbà nínú apá, rántí pé apá ọmọ aláró kan ló kọ́ ọ, kí o má gba ẹyọ owó kan lọ́wọ́ ẹni tí ó bá ti Ẹgbẹ́dá wá títí o óò fi kú.

Má kọ̀wé sí mi pé o ti tọrọ àforíjì lọ́dọ̀ Ọlọ́run. Ọ̀rọ̀ ìwọ àti Ọlọ́run nìyẹn. Ìyá Òjó kò mọ̀ pé o ṣẹ̀ ẹ́. N kò sọ fún un, n kò sì mọ̀ bóyá ó yẹ kí n sọ. Ó ti wọ ọjọ́ ogbó, ó ń fi ìdùnnú sọ fún àwọn ará ilé rẹ̀ pé ọmọ òun rí ẹni bá sọ̀rọ̀. Bí o bá wálé, ìwọ fúnra rẹ ni yóò wò lójú. Ìgbà yẹn ni o óò mọ ohun tí ẹnu rẹ yóò sọ.

Ọmọ mi ni ọ́. Olùkọ́ ní kí n fi ìyẹn sí i, ṣùgbọ́n kò nílò láti rán mi létí. Bí o kì í bá ṣe ọmọ mi, kí ni kí n máa bínú sí? Nígbà tí ìgbóná mú ọ ní kékeré lẹ́yìn àwọn mẹ́ta yẹn, tí gbogbo ènìyàn sá, èmi ni mo wà nínú ahéré pẹ̀lú rẹ. Mò ń pè ọ́. O kò lè dáhùn, ẹnu rẹ wú. Mo ń pè ọ́ síbẹ̀. Bóyá n kò pè ọ́ tó.

Ojúọlápé ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé báyìí. Ẹgbẹ́dá ló ti ń bọ̀, ó lọ kí arúgbó náà. Ó gbọ́ ohun tí Olùkọ́ kà fún un, ó ní, "Baba, èébú tó. Ẹ sọ fún un pé ihò ti wà nílẹ̀."

Ó ní Ìyá Òjó ti gbẹ́ ilẹ̀ nínú yàrá rẹ̀, ihò kékeré kan tí ọwọ́ méjì lè bò. Ó fi ìkòkò aró dé e lójú kí adìẹ má baà tú u. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni ó ń sùn. Ojúọlápé ní òun sọ fún un pé ó yẹ kí ẹ̀rù ba ènìyàn láti gbẹ́ ilẹ̀ ṣáájú, nítorí ilẹ̀ tí ó bá la ẹnu sílẹ̀ pẹ́ máa ń wá ohun tí yóò jẹ. Ó ní arúgbó náà dáhùn pé, "Kí ló tún fẹ́ jẹ lọ́wọ́ mi?"

Mo ti darúgbó, ikọ́ tí ìyá rẹ kú sí ti ń wọ èmi náà láyà. Àtibí dé Èkó jìnnà, Èkó sí ọ̀dọ̀ rẹ tún jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bóyá n óò wà nígbà tí èsì bá dé, bóyá n kò ní í sí. Nítorí náà mo gbé ọ̀rọ̀ yìí kúrò lọ́wọ́ mi. Ojúọlápé ni àkọ́bí mi, òun ni mo fi í lé lọ́wọ́, lójú Olùkọ́. Ohun tí o bá fi ránṣẹ́, kí ẹnikẹ́ni má gbé e wá bá mi, òun ni kí wọ́n fún. Òun ni yóò gbé e lọ sí Ẹgbẹ́dá, òun ni yóò bá ìyá Òjó ṣí ìkòkò náà. Aṣọ aláró wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọjọ́ tí ihò yẹn bá dí ni yóò fi ránṣẹ́ sí ọ. Yàrá ìyá rẹ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀, níbẹ̀ ni ó ń sùn. Bí o bá dé, òun ni yóò sọ bóyá kí o wọlé kí ìyá rẹ, tàbí kí o dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Òun ni kí o dá lóhùn.